Apá Tí Wọ́n Ní Kó Sinmi

Bí ẹnikẹ́ni bá tún sọ fún mi pé kí n lọ sinmi, ìjà ni yóò dá sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ire ni wọ́n ń rò sí mi. Ire ọ̀hún ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba apá ọ̀tún lọ́wọ́ mi lẹ́yìn tí jẹjẹrẹ ti gba ọyàn ọ̀tún lọ, nígbà tí mo rò pé ohun tí yóò gbà lára mi ti parí.

Télọ̀ ni mí. Ilé mi àti ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Igbó-Elérin, lẹ́bàá títì tó ti Okokomaiko lọ sí Àgbádárìgì. Ọkọ mi ti kú tipẹ́. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, obìnrin ni, ó ti wà nílé ọkọ ní Ọ̀jọ́. Kókó tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn ní ọyàn mi kò ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, mo sì fi oṣù méjì bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ fúnra rẹ̀. Nígbà tí mo dé ilé ìwòsàn, kò sí ẹ̀bẹ̀ mọ́. Wọ́n gé ọyàn, wọ́n yọ àwọn kókó tó wà ní abíyá, wọ́n fa oògùn sí mi lára nígbà mẹ́fà, wọ́n sì fi ìtànṣán sun àyà mi títí awọ ibẹ̀ fi dúdú bí ìdí ìkòkò. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni dókítà tó sọ pé àwọn kò rí nǹkan kan mọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ń fa oògùn kẹrin sí mi lára ni ọmọ mi wá jókòó tì mí, tó ní òun ti lóyún. Oyún àkọ́kọ́ ni, lẹ́yìn ọdún márùn-ún. Nínú ẹbí tiwa, ìyá ìyàwó ló ń wẹ ọmọ àkọ́bí. Ìyá mi ló wẹ ọmọ yìí fún mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọṣẹ àti omi nìkan. Wọn á jókòó lórí àpótí, wọn á na ẹsẹ̀ sílẹ̀, wọn á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun, wọn á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti òrí nà án lápá, nà án lẹ́sẹ̀, wọn á ká apá rẹ̀ mọ́ àyà, wọn á sì gbé e sókè kí ara rẹ̀ lè yọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ méjì ni. Mo wo abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mọ́ mi lọ́wọ́, mo sì sọ fún Ọlọ́run pé bí mo bá jáde láàyè, èmi ni yóò wẹ ọmọ náà. Mi ò bẹ̀ ẹ́ fún nǹkan mìíràn.

Mo jáde láàyè. Apá ni kò gbọ́. Kò gòkè kọjá èjìká, bí mo bá sì fẹ́ fa síìpù ẹ̀yìn aṣọ ara mi, èmi télọ̀, àfi kí n pe ènìyàn. Ó wú láti ìgbọ̀nwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Bí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè dìde. Oògùn ti mú kí ìka ẹsẹ̀ mi kú tipiri. Àárẹ̀ kan sì wà nínú mi tí mi ò mọ irú rẹ̀ rí. Mo mọ àárẹ̀ iṣẹ́. Mo ti rán aṣọ iléewé fún odindi kíláàsì mẹ́ta láàárín ọ̀sẹ̀ kan rí, mo sùn, ó lọ. Èyí kì í lọ. Bí mo ṣe ń sùn tó ló ń pọ̀ tó, títí dídìde lórí àga fi di iṣẹ́ tí mo ń ronú sí kí n tó ṣe é.

Dókítà ní kí n lọ rí àwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tún ara ṣe. Ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ mi lọ ló gbà mí wọlé. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó kéré, ohùn rẹ̀ sì le bíi ti ọ̀gá iléewé. Ó ní kí n gbé apá sókè, mo gbé e dé ibi tó lè dé. Ó bi mí pé kí ni mò ń ṣe nílé. Mo sọ fún un, pẹ̀lú ìgbéraga, pé mò ń sinmi dáadáa, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó gbé bírò sílẹ̀.

"Mọ́mì, ìsinmi yẹn gan-an ló ń mú apá yín le," ó ní. "Ara tó ti jẹ irú ìyà yìí, ibi tẹ́ ẹ bá fi í sí ló máa gan sí. Ẹ lò ó. Díẹ̀díẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́."

Ó kọ́ mi bí mo ṣe máa dojú kọ ògiri, kí n fi ìka rìn gòkè bí aláǹgbá títí apá fi máa ní òun ò lọ mọ́, kí n sì sàmì sí ibi tó dé. Ó ní kí n máa rìn ní òwúrọ̀, kí èémí mi yára díẹ̀ ṣùgbọ́n kí n ṣì lè sọ̀rọ̀. Ó ní kí n rọ omi sí ìgò oníke kéékèèké méjì, kí n máa gbé wọn sókè sódò bí mo ti ń rìn, kí apá lè lágbára. Ọjọ́ kan péré ní ọ̀sẹ̀ ni kí n fi sinmi. Mo bi í léèrè ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn: ó ku bí oṣù mẹ́rin kí ọmọ mi bímọ, ṣé apá yìí máa lè wẹ ọmọ? Kò tàn mí. Ó ní bí mo bá ṣe é, ó ṣeé ṣe. Bí mi ò bá ṣe é, ó dá òun lójú pé kò ní ṣeé ṣe.

Mo délé, mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, mo fi ìka gun ògiri pálọ̀, mo fa ìlà. Ìlà àkọ́kọ́ dọ́gba pẹ̀lú àgbọ̀n mi. Mo fi téépù wọn ibẹ̀ láti ilẹ̀, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ oníbàárà sí.

Nígbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi dé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, àkọ́bí ìyá wa, ń gbé ní Ìjànikin. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dà wọ́n láàmú, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe ẹnu wọn. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ń lọ, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣeré, wọn kì í sì í fi ọ̀rọ̀ àìsàn ṣeré. Ọjọ́ tí wọ́n dé ni wọ́n gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ kejì, wọ́n gba omorogùn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, mi ò lè dìde bu omi mu kí wọ́n má bi mí ibi tí mò ń lọ. Wọ́n ní ẹni tó bọ́ lọ́wọ́ ikú kì í tún sáré. Mo ní mi ò sáré, mo fẹ́ fọ abọ́ ni. Wọ́n ní ohun kan náà ni.

Wọ́n rí apá tó wú, wọ́n sì gbé omi kaná. Mo ṣàlàyé pé físíò ti ní omi gbígbóná kò dára fún un, ìfúnra líle kò dára fún un. Wọ́n bi mí bóyá físíò ló wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi, nítorí àwọn wà níbẹ̀, àwọn ò rí físíò kankan. Wọ́n fi aṣọ ìnura gbígbóná tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi òrí fún un bí ẹni ń fún omi ẹ̀gẹ́ gàrí. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, apá náà wú tó bẹ́ẹ̀ tí ọwọ́ bùbá mi ò gbà á mọ́. Nígbà tí mo padà sí ilé ìwòsàn, ọmọbìnrin físíò wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n, ó wò mí lójú. Mo gba ìbáwí náà, nítorí mi ò lè ṣàlàyé fún ọmọ kékeré pé èmi, obìnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún, ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n mi ń bà mí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyẹn gbà lọ́wọ́ mi kó tó fà.

Ó ku ìrìn. Mo rò pé ìrìn ò lè ní wàhálà, ṣé títì kì í ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi.

Ní àdúgbò wa, ọmọdé kì í rí ẹrù lọ́wọ́ àgbà kó kọjá. Ẹ̀kọ́ rere ni, èmi náà fi kọ́ ọmọ mi. Òwúrọ̀ tí mo kọ́kọ́ gbé ìgò omi mi méjì jáde, mi ò tíì rìn dé ilé kẹta tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan fi fo gọ́tà, tó fi ìdọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí mi, tó sì gba ìgò méjèèjì lọ́wọ́ mi. Mo ní kó fi sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ má wọ́rì, Mà." Ó ti kọ́ pé bí àgbà bá ní rárá lẹ́ẹ̀kan, ìtìjú lásán ni, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ kì í gbà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe tẹ̀lé ìgò ara mi lẹ́yìn dé ẹnu títì, tí mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin tó ń lẹ táyà ló gbà á. Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́kadà kan dúró, ó ní òun ò lè máa wò kí n máa fẹsẹ̀ rìn, kí n gùn ún, ọ̀fẹ́ ni. Nígbà tí mo ní rárá, ó tẹ̀lé mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń sin òkú, títí mo fi gùn ún nítorí ìtìjú.

Ìkíni tún wá ńkọ́? Físíò ní kí n má máa dúró, kí ọkàn lè ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ta ló máa kọjá lójú ilé ìyá àgbàlagbà láìdúró? Wọ́n á ní ẹ kú ewu, mo gbọ́dọ̀ dúró. Wọ́n á ní ẹ ò ní rí irú ẹ̀ mọ́, mo gbọ́dọ̀ ṣe àmín. Wọ́n á bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni wọ́n gé gbogbo ẹ̀, ojú wọn á sì sọ̀kalẹ̀ sí àyà mi kí n tó dáhùn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ní kí n lọ sinmi. Ìrìn ìṣẹ́jú ogún ń gbà mí ní wákàtí kan, inú tó ń bí mi nìkan ló sì ń mú èémí mi yára.

Kò parí síbẹ̀. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì ní ìkòríta wá bá ẹ̀gbọ́n mi nílé, ó fi sùúrù bá wọn wí, ó ní a kì í rán ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn lọ pọn omi. Ojú ti ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n gba ìgò méjèèjì, wọ́n tì í mọ́ inú àpótí aṣọ wọn, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ kọ́ ọrùn. Mo wá ìgò mìíràn, mo kó o pamọ́ sí abẹ́ máṣíìnì ní ṣọ́ọ̀bù bí ẹni kó ọtí pamọ́.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń ṣẹ́ wínníwínní, mo jáde pẹ̀lú ìbínú. Mo ti pinnu pé mi ò ní kí ẹnikẹ́ni, mi ò ní dáhùn ìkíni ẹnikẹ́ni, kí wọ́n pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́. Bùbá àti ìró funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn aṣọ yòókù ò tíì gbẹ. Mo gbé ìgò méjèèjì sókè níwájú mi, mo tẹjú mọ́ ọ̀kánkán, ètè mi sì ń mì nítorí mò ń ka iye ìgbà tí mo gbé apá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta kan ń bọ̀ níwájú mi. Dípò kí wọ́n gba ìgò, wọ́n yà sẹ́bàá gọ́tà. Mo gbọ́ tí ọ̀kan nínú wọn sọ jẹ́jẹ́ lẹ́yìn mi pé, "Iṣẹ́ wòlíì ni wọ́n ń jẹ́."

Mo ti rìn kọjá òpó iná méjì kó tó yé mi. Òwúrọ̀ kùtùkùtù, aṣọ funfun, omi lọ́wọ́ méjèèjì, obìnrin tí kò dáhùn ìkíni, tí ètè rẹ̀ ń mì. Kí ni ẹlòmíràn ìbá rò ní àdúgbò tí ìjọ pọ̀ ju ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ?

Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin tó ń lẹ táyà ti kó táyà rẹ̀ kúrò lọ́nà kí n tó dé. Obìnrin oníbúrẹ́dì da aṣọ borí, ó kúnlẹ̀, ó ní kí n rántí òun níbẹ̀. Ọlọ́kadà pa fèrè rẹ̀. Kò sí ẹni tó gba omi lọ́wọ́ mi mọ́, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ bá mi jẹ́ iṣẹ́ tí wọn ò rán an. Ó yẹ kí n sọ òótọ́ fún wọn. Mi ò sọ. Inú mi dùn, mo sì rìn dé afárá ẹlẹ́sẹ̀ tó wà ní Ìyànà Ìbà.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo gun afárá yẹn, mo dúró lẹ́ẹ̀mẹta, mo di irin mú, ọkàn mi ń lù kìkìkì bí ẹni tó jalè. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, mo dúró lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo gùn ún láìdúró, mo sì dúró lókè kìkì nítorí pé mo fẹ́ wo àwọn tó ń kọjá lábẹ́. Ebi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí, ebi gidi. Àárẹ̀ tó ti jókòó sí mi lára bẹ̀rẹ̀ sí í dìde ní apá kan ọjọ́, lẹ́yìn náà ní ìlàjì ọjọ́. Apá fà, bùbá gbà á. Ìlà ṣọ́ọ̀kì kúrò ní àgbọ̀n, ó dé imú, ó dé ìpéǹpéjú. Nígbà mìíràn okùn kan á fà le ní abíyá mi bí okùn aṣọ tí wọ́n fà jù, omi á bọ́ lójú mi, n óò mí sínú, n óò tún ṣe é.

Ṣùgbọ́n ó ń bí mi nínú. Ọmọbìnrin tó fi ọdún gbọọrọ kàwé nípa ara ènìyàn ní kí n rìn, kò sẹ́ni tó gbọ́. Wòlíì tí kò sí níbì kankan ní kí n rìn, gbogbo ìgboro yà fún mi.

Obìnrin oníbúrẹ́dì ló tún sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé iṣẹ́ wòlíì ni mò ń jẹ́. Wọ́n wọlé wá bá mi, wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, wọ́n ní kí ló dé tí mi ò fi sọ fún àwọn. Kí n tó rí èsì wá, wọ́n ti ṣí àpótí, wọ́n gbé ìgò jáde, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rọ omi kún un dé ẹnu. Láti ọjọ́ náà, ìyà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Físíò ní ìrìn kan lóòjọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní iṣẹ́ Ọlọ́run kì í jẹ́ ẹyọ kan, ó di mẹ́ta. Ọjọ́ tó yẹ kí n fi sinmi, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ṣé mo fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ ni. Ẹni tí kò jẹ́ kí n gbé omorogùn ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ló lọ ra ìgò ńlá ńlá méjì wá, pé ti kékeré yẹn kò bu iyì fún Ọlọ́run. Èjìká mi ń gbóná. Mo gbé ìgò ńlá náà lẹ́ẹ̀kan, mo gbé e sílẹ̀, sùúrù mi sì tán.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kò sí wòlíì kankan. Ọmọbìnrin físíò ló ní kí n ṣe é."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Wọn ò pariwo. Ìbá sàn kí wọ́n pariwo. Wọ́n gbé ìgò méjèèjì lọ sí ilé ìdáná, wọ́n da omi inú rẹ̀ nù, wọ́n padà wá dúró síwájú mi.

"Mo ti sin àbúrò méjì," wọ́n ní. "Mi ò ní máa wò ọ́ níran kí n tún wá sin ìwọ."

Mo ti bá wọn bínú fún oṣù mẹ́ta láìrántí pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n. Mo fẹ́ràn wọn lọ́jọ́ náà ju bí mo ti fẹ́ràn wọn rí lọ. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò ní kí inú má bí ni, nítorí lọ́jọ́ kejì wọ́n tẹ ìyá ọkọ ọmọ mi láago ní Abẹ́òkúta, wọ́n ní kó máa palẹ̀ mọ́ láti wá wẹ ọmọ, pé apá àbúrò àwọn ò lè ṣe é. Wọn ò bi mí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún ilé ṣe de àlejò, nígbà tí mo sì fi máa ti ṣọ́ọ̀bù dé, wọ́n ti fi omi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ ògiri pálọ̀. Gbogbo ìlà ṣọ́ọ̀kì mi ti lọ. Wọ́n ní ìdọ̀tí ni.

Mo jókòó sílẹ̀ níwájú ògiri funfun yẹn, mo sunkún. Mi ò sunkún bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n gé ọyàn. Ọyàn, àìsàn ló gbà á lọ. Ìlà yẹn, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gùn ún ní ìka kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mi tó wá kí wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú ikùn rẹ̀ ńlá, kò mọ ẹni tó yẹ kó bẹ̀ nínú àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ìwọ̀n ṣì wà nínú ìwé oníbàárà. Lọ́jọ́ kejì, mo kó ṣọ́ọ̀kì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo fa gbogbo ìlà náà sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo sì ń bá ìrìn mi lọ. Àdúgbò ṣì ń yà fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ òótọ́ fún wọn, bóyá nítorí ojú tó ń tì wọ́n.

Ọmọ náà kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó fi ọjọ́ mẹ́wàá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, ìyá ọkọ ọmọ mi kò sì tíì kúrò ní Abẹ́òkúta. Obìnrin ni ọmọ náà. Lọ́jọ́ kẹta, ní ọ̀sán gangan, wọ́n gbé e dé ilé mi. Ọmọ mi ò lè tẹ̀ ba nítorí ibi tí wọ́n rán fún un lẹ́yìn ìbímọ. Orúnkún ẹ̀gbọ́n mi ò lè jókòó sórí àpótí kúkurú. Wọ́n ní kí a lọ pe obìnrin oníbúrẹ́dì, pé ó ti wẹ ọmọ mẹ́fà. Mo ní kí wọ́n gbé àpótí wá.

Kò sí ẹni tó mira. Èmi fúnra mi lọ gbé àpótí, mo gbé bésìn omi, mo jókòó, mo na ẹsẹ̀, mo ní kí ọmọ mi gbé ọmọ rẹ̀ fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ká ọwọ́ lé orí.

Ọmọ tuntun a máa yọ̀ bí ẹja. Mo fi ọwọ́ òsì gbé orí rẹ̀, mo fi ọ̀tún fọ̀ ọ́, ọrùn, abíyá, ẹ̀yìn etí. Ìyẹn rọrùn. Lẹ́yìn náà mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá rẹ̀, mo gbé e sókè. Ó wúwo ju ìgò méjèèjì lọ. Ó dé èjìká mi, apá ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, okùn abíyá yẹn fà. Mo mí sínú bí mo ṣe máa ń mí lórí afárá. Ó kọjá àgbọ̀n mi. Ó kọjá imú mi. Mo rí ojú rẹ̀ lókè orí mi, ó la ẹnu, ó figbe ta, mo sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sórí ojúgun mi. Omi bésìn àti omijé mi ò yàtọ̀ síra mọ́.

Ó ku nínà. Mo di apá rẹ̀ kékeré mú, mo gbé e sókè díẹ̀, ó sunkún kíkan, mo sì dẹwọ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ti pa ẹnu mọ́ títí, ṣùgbọ́n èyí ju agbára wọn lọ.

"Nà án dáadáa," wọ́n ní láti ẹnu ọ̀nà. "Má dá ẹkún ẹ̀ lóhùn. Apá ọmọ tí wọn ò bá nà, líle ló máa le."

Mo dúró pẹ̀lú apá ọmọ lọ́wọ́ mi, mo gbójú sókè, mo wò wọ́n. Ọmọ mi náà wò wọ́n. Mo ní ọ̀rọ̀ oṣù mẹ́rin lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tí mo ti tò lẹ́sẹẹsẹ lórí afárá Ìyànà Ìbà, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn fúnra wọn ló ti sọ ọ́ tán. Ẹnu ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà ní ṣíṣí. Mo na apá ọmọ náà dáadáa, ọ̀tún, òsì, mo fi òrí pa á, mo wọ aṣọ fún un, ó sì sùn.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sínú yàrá. Mo rò pé wọ́n lọ gbàdúrà tàbí lọ bínú. Wọ́n jáde pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì télọ̀ kan tó ṣẹ́kù nílé lọ́wọ́, wọ́n lọ dúró ti ògiri tí wọ́n ti fọ̀.

"Wá síbí," wọ́n ní. "Gbé e."

Mo fi ìka gun ògiri. Ó kọjá ìpéǹpéjú, ó kọjá iwájú orí, ó dúró sí ibi tí ọwọ́ mi ò tíì dé rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti là mí. Wọ́n fa ìlà náà. Wọ́n sún sẹ́yìn, wọ́n wò ó títí. Mo dúró kí wọ́n kí mi kú iṣẹ́.

"Kò tíì tó," wọ́n ní. "Tún un ṣe."